Olódo Kọ́ Ló Ń Sá Kúrò ní Ẹnjiníà

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo àwa ọmọ tuntun jọ sí gbọ̀ngàn fákọ́tì, ọ̀gá kan dìde, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní: "Ẹ wo ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún yín. Ẹ wo tapá òsì. Kẹ́ ẹ tó dé ipele kẹta, ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní sí níbí mọ́." A bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ló jókòó sósì mi. Láti kékeré ló ti ń tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, tó sì ń tò ó padà kí bàbá tó ti ibi iṣẹ́ dé. Òun gan-an ni ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tá a dé ipele kẹta. Carryover MTH 101 àti PHY 101, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìṣirò àti físíìsì ọdún kìíní tó fìdí rẹmi nínú wọn, ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tún wọn ṣe, ó yege nínú ọ̀kan, èkejì tún gbé e ṣubú, àwọn kọ́ọ̀sì ipele kejì sì ti ń to jọ dè é. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ni ò gbé e. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ náà nìyẹn: ẹnjiníà le, ẹni tí kò bá lè ṣe é kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ máa ń fi iye ọmọ tó fìdí rẹmi lábẹ́ wọn yangàn. Ẹ wá rò ó wò: bí mẹkáníìkì kan bá sọ fún yín pé nínú ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ òun, ọ̀kan kì í jáde, ṣé ọkọ̀ lẹ máa dá lẹ́bi?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí rú ọ̀pọ̀ òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ lójú, kódà ó rú àwọn olùkọ́ míì lójú. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì ló wà nídìí rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni retention, ohun méjì ló sì ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ má kúrò nídìí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ́ ọ má kúrò lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ là ń sọ níbí, àmọ́ kò pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi rí i pé ìkejì ló sábà ń fà á. Ohun tó bá jò dànù lórí ọmọ ní ipele kìíní ló ń padà wá dá a lọ́nà ní ipele kejì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni instructional design. Mo máa pè é ní ètò-ìkọ́ni. Àwọn kan gbà pé kí olùkọ́ máa fi àwòrán aláràbarà hàn lára ògiri ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn míì ní kí wọ́n gbé kíláàsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Olùkọ́ lè ṣe méjèèjì kó má sì ní ètò kankan. Ìbéèrè ni iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí kọ́ọ̀sì yìí bá parí, kí la fẹ́ kí ọmọ yìí lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti lè ṣe é? Kí ló yẹ kó máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó lè débẹ̀? Níbo ló ti máa kọsẹ̀, ta ló sì máa tètè mọ̀? Ẹ kíyè sí i pé ìparí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n wá ń padà bọ̀ wá síbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé "kí ni èmi olùkọ́ máa sọ?" ò sí lára àwọn ìbéèrè yẹn, bẹ́ẹ̀ òun lọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ẹ lọ wo ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì àti pẹ́tíróòlù inú ike ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un kó máa fi fọ irin. Níbi tó ti ń fọ̀ ọ́ ló ti ń mọ orúkọ wọn. "Mú sípánà mẹ́tàlá wá!" Bó bá mú méjìlá wá, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á dá a padà, kò ní dìgbà tí oṣù bá parí kó tó mọ̀ pé òun ṣì í. Nígbà tó bá yá, á máa tú táyà. Á wá máa pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ọ̀gá á dúró tì í. Bó bá tún ṣe díẹ̀ sí i, ọ̀gá á lọ jókòó sábẹ́ igi, á máa fi etí gbọ́ ọ. Ọjọ́ kan á dé tí wọ́n á ní kóun àti ẹnì kejì rẹ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́kọ́ fi ọdún méjì há bí epo ṣe ń jóná sórí kó tó lè fọwọ́ kan ọkọ̀. (Mi ò sọ pé ilé mẹkáníìkì pé pérépéré o. Ìgbátí pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò sì lè sọ ìdí tí ohun tí wọ́n ń ṣe fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ tẹ̀ léra wọn ni mò ń wò.)

Ní yunifásítì, òdìkejì rẹ̀ là ń bá pàdé. Ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ló kún ọdún kìíní bámúbámú, àwọn tó sì ń kọ́ wọn, ẹ̀ka míì ni wọ́n ti wá. SIWES tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fojú rí iṣẹ́, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí. Ọmọ tó wọlé nítorí ẹ̀rọ lè máà fojú kan ẹ̀rọ kankan kí wọ́n tó fún un ní lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ olódo. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì kan, Elaine Seymour àti Nancy Hewitt, lọ jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì méje, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Àwọn kan ti fi sáyẹ́ǹsì, ìṣirò tàbí ẹnjiníà sílẹ̀, àwọn kan ṣì wà nídìí ẹ̀. 1997 ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló ń yọ àwọn èèyàn sọ́tọ̀, ó yẹ kó hàn láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Kò hàn. Àwọn tó lọ ò gọ̀ ju àwọn tó dúró lọ. Ìráhùn wọn tiẹ̀ bára mu: ìkọ́ni tí kò dáa, kọ́ọ̀sì tó ń sáré bí ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ já, olùkọ́ tí kò ṣeé sún mọ́. Àwọn tó dúró náà ráhùn nǹkan wọ̀nyí! Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn kan rí ọgbọ́n dá sí i, tàbí kí olùkọ́ kan bá wọn dá sí i lásìkò tó gbóná. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọ̀rẹ́ mi lọ́nà míì.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù, Wright State University ló ti wá, ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Orúkọ àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Wright tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò ní 1903 ni wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe làwọn méjèèjì, wọn ò lọ yunifásítì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ohun tó ń da ilé ẹ̀kọ́ yìí láàmú ni pé nínú 100 ọmọ tó wọlé pé àwọn fẹ́ ka ẹnjiníà tàbí kọ̀ǹpútà, nǹkan bíi 42 péré ló ń kọjá àwọn kọ́ọ̀sì calculus ọdún kìíní, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí bí nǹkan ṣe ń yí padà. Àwọn tó kù, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń padà. Ẹ̀ka ẹnjiníà ò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan tí wọ́n fi lọ. Olùkọ́ kan níbẹ̀, Nathan Klingbeil, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè ohun tó yẹ kẹ́nì kan ti béèrè láti ọjọ́ pípẹ́: nínú gbogbo calculus tá à ń fi dí wọn lọ́nà yìí, èwo gan-an làwọn kọ́ọ̀sì ẹnjiníà ìbẹ̀rẹ̀ ń lò? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ohun tí ọmọ nílò kó tó lè wọ ìdí bíìmù (ọ̀pá gbọọrọ tó ń gbé ẹrù) tàbí iná mànàmáná ò tó ohun tí géètì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2004, wọ́n dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EGR 101. Àwọn olùkọ́ ẹnjiníà fúnra wọn ló ń kọ́ ọ, ó sì ní iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú láàbù. Ìṣirò ni láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí kò so mọ́ nǹkan gidi kan. Wọ́n fẹ́ kọ́ni ní ìlà tó gún régé lórí gíráàfù: awakọ̀ kan ló tẹ búréèkì, eré ọkọ̀ ń já wálẹ̀ bákan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fà á sórí ìwé, sọ fún wa eré tó ń sá kó tó tẹ̀ ẹ́, sì sọ ìgbà tó máa dúró. Wọ́n fẹ́ kọ́ni ní trigonometry, ìyẹn ìṣirò igun àti ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta: apá róbọ́ọ̀tì kan ló wà níwájú yín, oríkèé kan ló ní, bó bá gbé ara rẹ̀ sókè tó báyìí, ibo ni orí ìka rẹ̀ máa wà? Ọmọ tó ti ń kọ sine àti cosine bí orin láti SS 1, ibẹ̀ ló ti mọ ohun tí wọ́n wúlò fún. Ẹni tó bá sì ti yege nínú kọ́ọ̀sì yìí, ọ̀nà ti là fún un láti bẹ̀rẹ̀ àwọn kọ́ọ̀sì ẹnjiníà ipele kejì. Wọn ò yọ calculus dànù. Á ṣì ṣe é, á kàn ṣe é nígbà tó ti mọ ohun tó ń wá lọ síbẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iye àwọn tó gboyè lára àwọn tó gba kọ́ọ̀sì yìí ti ju ìlọ́po méjì lọ, máàkì tí wọ́n fi gboyè ò sì rẹ̀yìn, ó tiẹ̀ gòkè díẹ̀. Ẹ rí i pé wọn ò kọ́ ilé tuntun, wọn ò wá ọmọ tó mọ̀wé ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n kàn gbé ohun tó wà lẹ́yìn wá síwájú ni.

Ìyẹn nípa bí wọ́n ṣe to kọ́ọ̀sì. Inú kíláàsì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kọ́ kan ní tòsí, ohun tí wọ́n ń pè ní moment, ìyẹn bí agbára ṣe ń fẹ́ yí nǹkan. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa rèé: ọ̀gá wọlé, ó kọ M = F × d sí ojú pátákó, ó ya bíìmù, ó gbé ẹrù mẹ́ta lé e, ó yanjú ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátákó, ó wá bi wá bóyá ó yé wa. Gbogbo wa pariwo "Yẹ́sà!" Èmi tí mo wà lẹ́yìn pátápátá, orí àwọn èèyàn ni mò ń dà kọ.

Bí ẹni tó ní ètò ṣe máa kọ́ ọ ò rí báyìí. Á kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan lọ síbi ilẹ̀kùn, kó fi ìka kan ṣoṣo tì í níbi ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó wá fi ìka kan náà tì í nítòsí hínjì. Ilẹ̀kùn ò mira. Agbára kan náà ni, ibi tó bọ́ sí ló yàtọ̀. Kò tíì kọ nǹkan kan sára pátákó o. Á wá ya pákó kan tí wọ́n tẹ́ lé gọ́tà, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Ẹnì kan tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 600 newton (newton ni wọ́n fi ń wọn agbára) dúró lé e, mítà 1 péré ló fi jìnnà sí etí òsì. Èló ni etí òsì ń gbé, èló ni etí ọ̀tún ń gbé? A ní 300 àti 300. B ní 450 àti 150. D ní 600 àti òfo. Ẹ má tíì bá ara yín sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́wọ́ sókè.

Ọwọ́ púpọ̀ á gbé sókè fún A. Inú ọmọ tó gbọ́wọ́ sókè fún A dùn pé òun ò dá wà. Olùkọ́ ò ní sọ èyí tó tọ́. Á ní kí kálukú wá ẹni tí èsì rẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀, kí wọ́n jà á fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ máa gbọ́ ariwo! "Ṣé bó o bá dúró sí etí gan-an, ẹni tó di etí kejì mú á ṣì máa làágùn ni?" Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ látẹnu ọmọ ẹgbẹ́ ẹni lè ṣe ohun tí àlàyé ọ̀gá fún wákàtí kan ò lè ṣe. Wọ́n á tún gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ B. Ìgbà yìí ni olùkọ́ tó máa mú ṣọ́ọ̀kì: ká wo ohun tó fẹ́ yí pákó náà láti etí òsì. Ẹni yẹn ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, 600 lọ́nà 1. Etí ọ̀tún ń gbé e sókè, iye kan lọ́nà 4. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí náà iye yẹn jẹ́ 150. Èyí tó kù, 450, etí òsì ló ń gbé e. M = F × d wá wọlé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, á gbé ìṣirò kejì sílẹ̀ tó ti yanjú ìdajì rẹ̀, kí ọmọ parí ẹ̀. Ìkẹta, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa kọ. Ìkẹrin, kò ní kọ nǹkan kan. Ẹ rántí ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ John Sweller ní Ọsirélíà láti àwọn ọdún 1980. Ibi tí orí wa ti ń ṣiṣẹ́ lórí nǹkan tuntun kéré gan-an, ó dà bí àtẹ obìnrin tó ń ta ata wẹ́wẹ́: bó o bá da àpò kan lé e lẹ́ẹ̀kan, tilẹ̀ ló máa pọ̀ jù. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ máa ń wo bíìmù ẹlẹ́rù mẹ́ta bí ohun kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń rí ohun mẹ́tàlá, ó sì fẹ́ gbé gbogbo wọn sórí àtẹ pọ̀. Ọ̀gá tó mọ̀wé jù ló sábà máa ń gbàgbé èyí.

Ọgbọ́n kí àwọn ọmọ gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n sì jà á láàárín ara wọn, Eric Mazur ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní Harvard láti 1991, nínú kíláàsì físíìsì. Ìròyìn máàkì àwọn ọmọ rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀, àwọn náà sì ń yìn ín, kó tó di pé ó fún wọn ní ìbéèrè tí kò ní ìṣirò nínú, tí wọn ò sì rí i dáhùn. Ó wá hàn pé fọ́múlà ni wọ́n ń há.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíì? Ní 2014, Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ, gbogbo rẹ̀ dá lórí sáyẹ́ǹsì, ẹnjiníà àti ìṣirò. Níbi tí olùkọ́ ti ń dá sọ̀rọ̀, nǹkan bí ọmọ 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi táwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, 22 ni. Ẹ mú un lọ sínú kíláàsì ọmọ 600, ẹ ṣírò iye ọmọ tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́. Ó ju ọmọ 70 lọ. Àádọ́rin ọmọ, àádọ́rin ilé, àádọ́rin owó ilé-ìwé.

Níbí ni ẹnì kan ti máa ń dìde nínú ìpàdé fákọ́tì pé: "Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ bu omi là á báyìí? Bí afárá bá wó ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò fi ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ Uri Treisman, onímọ̀ ìṣirò kan, ni mo máa fi dáhùn. Ó wà ní yunifásítì Berkeley, ní California, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ sópin, ó sì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ń fìdí rẹmi nínú calculus, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó dáńgájíá jù ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ni wọ́n. Ó bi àwọn olùkọ́ ohun tó fà á. Wọ́n ní ìtara ni wọn ò ní, ìpìlẹ̀ wọn ò dáa, àwọn òbí wọn ò kà á sí. Treisman wá mú 20 lára wọn àti 20 lára àwọn ọmọ Ṣáínà tó ń ṣe dáadáa, ó ń tẹ̀ lé wọn kiri. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú àwọn ìdí yẹn. Ohun tó rí ò kọjá pé àwọn ọmọ Ṣáínà máa ń dá iṣẹ́ ilé ṣe, wọ́n á wá kóra jọ lálẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á yẹ ìwé ara wọn wò, ẹni tó bá ṣi nǹkan á gbọ́ ọ kó tó sùn. Àwọn ọmọ dúdú ń dá kàwé. Wọ́n yà ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rẹ́. Bí ìṣirò bá há ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀, ó rò pé òun nìkan ló há.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò dá kíláàsì àwọn aláìmọ̀wé sílẹ̀ fún wọn. Ó kó wọn jọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó sì gbé ìṣirò tó le ju ti kíláàsì gan-an lọ síwájú wọn. Ìfìdírẹmi já wálẹ̀. Omi dà níbẹ̀? Ńṣe ló kún epo sí i.

Mo lè máa bá a lọ. Ní Michigan Tech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Sheryl Sorby rí i láti 1993 pé ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kúrò ni pé kò rọrùn fún wọn láti máa yí nǹkan po lójú inú fún yíyàwòrán ẹ̀rọ. Ó dá kọ́ọ̀sì kékeré sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ yí bọ́lọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń yà á. Àwọn tó gbà á dúró nídìí ẹnjiníà ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn àbínibí di ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́. Ẹni tó bá mọ iye ọmọbìnrin tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣe Technical Drawing ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti test náà wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, máàkì 30 ni fún test, 70 fún ìdánwò. Test ọ̀hún lè jẹ́ ẹyọ kan, ìwé rẹ̀ ò sì ní padà dé ọwọ́ ọmọ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, Roediger àti Karpicke, fi hàn pé ẹni tó ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan tó wá ń dán ara rẹ̀ wò máa ń rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju ẹni tó ń kà á ní àkàtúnkà lọ. Test kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí máàkì rẹ̀ ò tó nǹkan, tí èsì rẹ̀ jáde kí ọ̀sẹ̀ tó yí, á jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé òun ń rì. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ìdánwò ló ń mọ̀, omi ti bò ó lórí.

Mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ètò-ìkọ́ni ò lè san owó ilé-ìwé, kò lè tan iná sí yàrá tí ọmọ méje ń sùn. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ohun tó wà lórí ọmọ nígbà tó lọ sílé kọ́ ló bá padà. Olùkọ́ náà sì ń jìyà: ìwé 600 ló fẹ́ máàkì, owó oṣù rẹ̀ ò tó. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé èyí pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ìwé ètò tuntun tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde, CCMAS, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023, fi 70 nínú 100 ohun tí wọ́n máa kọ́ni sọ́wọ́ NUC, ó sì fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì bíi ti Wright State lè wọ inú 30 yẹn. Ní ti bí wọ́n ṣe máa kọ́ 70 tó kù, kò sẹ́ni tó ní kí ọ̀gá má béèrè pákó orí gọ́tà kó tó kọ fọ́múlà. Kò gba owó. Ọwọ́ lásán ni wọ́n ń gbé sókè.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an lè kọ́kọ́ bínú sí i. Ní Harvard, ìwádìí kan tó jáde ní 2019 rí i pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì físíìsì kọ́ nǹkan ju àwọn tó jókòó gbọ́ àsọyé lọ, àmọ́ wọ́n gbà pé àwọn kọ́ díẹ̀. Àsọyé tó já gaara máa ń múni rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Làálàá ń dà bí àìmọ̀. Torí náà, bí ọmọ yín bá pe yín pé ọ̀gá kan ò kọ́ wọn, pé ìbéèrè ló kàn ń bi wọ́n ṣáá, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú ìbéèrè tí í ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ń fi irin ṣe àtẹ̀gùn táńkì omi báyìí, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ìbéèrè pákó yẹn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mi ò fi A, B, D sí i. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi dáhùn: "450 lósì, 150 lọ́tùn-ún. Kí ló dé, ta ló fẹ́ gbé táńkì sórí gọ́tà?" Mo bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹsẹ̀ irin tó bá sún mọ́ ẹrù jù lòun máa ń fún ní irin tó nípọn, òun sì ti máa ń bu ìwọ̀n rẹ̀ kóun tó gé e. Mo ní MTH àti PHY tó fi sílẹ̀ nìyẹn, moment ni wọ́n ń pè é.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. "Èyí náà ni moment?"